Àwo tuntun àwọn àgbà olórin méjì: kí ló dé tí ẹnu àwọn olólùfẹ́ wọn ò fi kò?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní Arákálẹ̀, nílùú Àkúrẹ́. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, orin kan sì ń lọ nínú sípíkà kékeré tó wà lórí káńtà. Bí orin náà ṣe parí ni mo sọ pé látọdún 1990, àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọ ọ́, Pet Shop Boys, ò tíì ṣe ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn tó eléyìí. Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè kúrò lórí fóònù tó tú sílẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń tòògbé yìí? Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ di iyàn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí ẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kàwé ní FUTA tó sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wà níbẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé orin kan náà lẹ̀yin méjèèjì gbọ́?"

Orin kan náà la gbọ́. Kì í sì í ṣe èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Pet Shop Boys ti gbé àwo Nonetheless jáde, báyìí ni àwọn olólùfẹ́ wọn ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ayé. Ẹnìkan á ní àwọn bàbá ti padà sílé, ẹlòmíràn á ní wọ́n ti ṣìnà. Ẹnìkan á ní wọ́n ti yí padà jù, ẹlòmíràn á ní ohun kan náà ni wọ́n ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tí kò mọ ìtàn wọn, tó kàn gbọ́ gbogbo ariwo yìí, kò lè mọ èyí tí yóò gbà. Nítorí ọmọ yẹn àti irú rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀.

Ta ni àwọn méjì yìí?

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Neil Tennant, tí wọ́n bí ní 1954, ló ń kọrin. Chris Lowe, tí wọ́n bí ní 1959, ló máa ń wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Inú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò oníná ní òpópónà King's Road, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 1981. Neil ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ orin kékeré kan, ó wá wáyà tí yóò fi so ó. Chris, tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé nígbà náà, wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, títí dòní, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni wọ́n ṣì ń bára wọn sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn inú ilé ni wọ́n ti rí orúkọ ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe orin tó gbé wọn jáde, West End Girls. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1984, kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Wọ́n bá pirodúsà mìíràn tún un ṣe ní 1985, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1986, ipò kìíní ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó tún gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Àsìkò yẹn ló dé etí tèmi náà, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ sì jẹ́ olú ìlú fún gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló ní kásẹ́ẹ̀tì náà. Téèpù rẹ̀ máa ń jáde, a ó sì fi bírò yí i padà sínú, díẹ̀díẹ̀, kó má baà já.

Láti 1986 sí 2024, àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ṣe tó jẹ́ orin tuntun látòkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo wọn. Bí a bá fẹ́ pe ti 2024 yìí lédè wa, Síbẹ̀síbẹ̀ ni.

Kí là ń pè ní synth-pop?

Irú orin tí àwọn méjì yìí ń ṣe nìyẹn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọnù, kò sì le rárá.

Tí onígìtá bá ta okùn, okùn ni ó ń gbọ̀n tí a fi ń gbọ́ ohùn. Tí onílù bá lu ìlù, awọ ló ń gbọ̀n. Fèrè ńkọ́? Atẹ́gùn inú rẹ̀ ni. Síńtẹ́sáísà, ẹ̀rọ orin oníná tó máa ń rí bíi kíbọ́ọ̀dù, ò ní okùn, kò ní awọ, kò ní atẹ́gùn. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Bọ́tìnì tí èèyàn bá tẹ̀ ni yóò sọ fún iná náà bí yóò ṣe yára gbọ̀n tó. Bí ó bá gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Sípíkà ló wá ń sọ gbígbọ̀n iná yìí di ohun tí etí lè gbọ́.

Èyí nìkan ò tíì dùn létí. Bí agogo ilé ìwé tó ń lo bátìrì ló máa ń dún. Ohun tó sọ ọ́ di orin ni àwọn bọ́tìnì tó kù. Kẹ́ ẹ mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, ẹ la ẹnu kẹ́ ẹ máa pe "aaa", kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu yín, kẹ́ ẹ wá máa ká ọwọ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ohùn kan náà ni, ẹ ò pa á dà, ṣùgbọ́n ó ń ti inú òkùnkùn bọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Bọ́tìnì kan wà lára síńtẹ́sáísà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: ó ń bo ohùn, ó ń ṣí i. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ orin ijó tí ohùn kan nínú rẹ̀ ń yọ bọ̀ bíi mọ́tò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ẹnìkan ló ń ká ọwọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

Bọ́tìnì mìíràn ń sọ bí ohùn yóò ṣe wọlé àti bí yóò ṣe jáde. Agogo máa ń dún gbàù, á wá rọra kú lọ. Gòjé máa ń rọra wọlé ni, ó sì ń dúró títí olórin á fi gbọ́wọ́ kúrò. Síńtẹ́sáísà lè ṣe bí agogo, ó lè ṣe bíi gòjé, ó sì lè ṣe ohun tí kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ irú orin yìí ti ń rí adùn nìyẹn: kí wọ́n gbọ́ ohùn tí nǹkan kan láyé ò dún bíi rẹ̀ rí.

Ẹ̀rọ tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀ tún wà pẹ̀lú, èyí tí èèyàn yóò ti kọ́ ní ohun tí yóò lù, tí kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1983 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí gbé èdè kan ṣoṣo jáde fún un, wọ́n pè é ní MIDI, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jọ máa rìn. Ẹ wá wò ó: ẹgbẹ́ jùjú wa lè kó èèyàn ogún jáde lọ sóde ìnáwó. Láti àkókò yẹn, èèyàn méjì nínú yàrá kan lè ṣe orin tó kún bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjì fi pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1980 sí 1989. Soft Cell jẹ́ èèyàn méjì. Erasure náà, èèyàn méjì.

Synth-pop ni orin kúkúrú, orin òde òní, tó jẹ́ pé irú ẹ̀rọ yìí ni ìyá rẹ̀, ohùn èèyàn sì wà lórí rẹ̀. Lọ́wọ́ Pet Shop Boys, ohùn náà kì í ké, kì í pariwo. Neil máa ń kọrin bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ni. Ìlù ń pe ijó, ọ̀rọ̀ ń pe ẹkún, àwọn méjèèjì ò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹnìkejì yẹn, kí ló ń ṣe gan-an?

Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn lórí pèpéle ló ń béèrè. Neil ń kọrin, ó ń rìn. Chris dúró gbagidi sẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, ó dé fìlà, ó wọ jígí dúdú, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé kò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ àbúrò mi ló dáhùn ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀ kí n tó lanu. Ó ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó gbá máìkì mú ni gbogbo èèyàn ń wò, ṣùgbọ́n bí òun tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù bá gbé orin sókè díẹ̀, gbogbo ìjọ ló máa bá òun lọ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kọ orin wọn, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ Chris ni orin àti ìlù ti ń wá, Neil á sì fi ọ̀rọ̀ sí i. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n lójú àgbo ni dídúró tó máa ń dúró gbagidi, àwọn olólùfẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wà nínú àwo 2024 tó dá iyàn sílẹ̀?

Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Àsìkò kónílé-ó-gbélé tí àrùn Kòrónà mú wá ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó dá nìkan wà. Ọ̀kan dá lórí Rudolf Nureyev, oníjó ọmọ Rọ́ṣíà tó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó padà sí ìgbà tí Neil fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, nígbà tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti apá àríwá lọ́dún 1972 láti wá kàwé. Nínú orin yìí, ó débì kan tí Neil dá orin kíkọ dúró, tó bẹ̀rẹ̀ síí fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ìlù, bó ṣe ṣe nínú orin tó gbé wọn jáde ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ibẹ̀, mo ní láti dá mọ́tò dúró lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí Alágbàká. Ohùn náà ti gbó díẹ̀. Èyí gan-an ló wọ̀ mí lára.

Pirodúsà wọn ni nǹkan tó yí padà jù. Ọ̀rọ̀ yìí ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn, nítorí wọ́n rò pé pirodúsà ni ẹni tó mú owó wá. Nínú iṣẹ́ orin, pirodúsà ni ẹni tó ń darí bí orin yóò ṣe dún: ohun èlò wo ni yóò wà níwájú, èwo ni yóò wà lẹ́yìn, ibo ni a ti máa dín ìlù kù, ibo ni a ti máa jẹ́ kó bú jáde. Ẹ ronú nípa iṣu kan náà àti ẹ̀fọ́ kan náà tí ìyá olóúnjẹ méjì rà ní Ọjà Ọba. Bí wọ́n bá sè é tán, ahọ́n yín máa mọ ọwọ́ ìyá tó sè é. Àwọn àwo mẹ́ta tó ṣáájú èyí, ti 2013, ti 2016 àti ti 2020, ọwọ́ Stuart Price ni wọ́n ti jáde, ọwọ́ tirẹ̀ sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń gbé ìlù ijó síwájú. Electric, ti 2013, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró. Fún ti 2024, James Ford ni wọ́n gbé e fún. Ó mú ọ̀pọ̀ okùn fáólìnì wọ inú rẹ̀, ohùn àwọn ẹ̀rọ náà sì wá móoru, ó rọ̀.

Bí àwọn olólùfẹ́ ṣe pín nìyẹn. Àwọn kan gbọ́ fáólìnì wọ̀nyẹn, wọ́n sì rántí Behaviour, àwo kan tí wọ́n ṣe ní 1990, tó rọ̀, tó bani nínú jẹ́ díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kà sí èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn lónìí. Inú wọn dùn dé góńgó. Àwọn tó ti ń jó láti 2013 gbọ́ fáólìnì kan náà, wọ́n ní ta ló pa iná ijó?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí rèé. Nígbà tí mo fara balẹ̀ gbọ́ iyàn èmi àti ọ̀rẹ́ mi, mo rí i pé ohun kan náà la jọ ń sọ nípa àwo náà. Èmi ní ó rọ̀. Òun náà ní ó rọ̀. Èmi ní fáólìnì pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí irọ́ láàárín wa. Ọjọ́ tí kálukú wa kọ́kọ́ bá àwọn olórin yìí pàdé ló yàtọ̀. Àwo 1990 yẹn ni mo fi owó ara mi rà, mo sì máa ń gbọ́ ọ lálẹ́ pẹ̀lú ìró kékeré nítorí bàbá mi ń sùn ní yàrá kejì. Ojú agbo ijó ní Oǹdó ni ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ wọ́n, ọdún 1987, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò balẹ̀. Kò sí èyí tó ń fi àwo 2024 wé àwo tí ẹlòmíràn ṣe ní 2024. Ọjọ́ tiwa la fi ń wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí tó ń bínú, ẹ má tíì béèrè ohun tó ń bí i nínú. Ẹ bi í pé ọdún wo ló kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ìdáhùn yẹn máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó kù.

Kí ni "ìgbà ọba" tí wọ́n máa ń dárúkọ?

Neil Tennant fúnra rẹ̀ ló sọ gbólóhùn kan tó di ti gbogbo ayé. Ó ní olórin máa ń ní àsìkò kan tó dà bíi ti ọba tó ń fẹ ilẹ̀ rẹ̀: ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn ló ń yọrí sí rere. Ti àwọn tiwọn jẹ́ ọdún 1987 àti 1988. Ìgbà mẹ́rin ni orin wọn ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí sì bọ́ sí àárín oṣù kẹfà 1987 àti oṣù kẹrin 1988. Ìgbà tó tún yá lọ́dún 1988 yẹn, wọ́n gbé orin mìíràn jáde, ipò keje ló dé. Ẹlòmíràn á fi ipò keje jó. Neil ní òun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ìgbà ọba ti parí.

Àwọn olólùfẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òṣùwọ̀n. Gbogbo àwo tó bá jáde, wọ́n á béèrè bóyá ó tó ti ìgbà ọba. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n náà kò tọ́, nítorí kì í ṣe orin nìkan ló mú ọdún 1987 rí bẹ́ẹ̀. Rédíò tó ń gbé orin náà wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣì jẹ́ tuntun, àwa náà ṣì wà lọ́mọdé. Àwo kankan ò lè dá gbogbo ìyẹn padà.

Gìtá ṣe bí wọn nínú?

Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Lọ́dún 2002, Pet Shop Boys gbé àwo kan jáde, Release, tí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀. Johnny Marr, onígìtá tó lórúkọ, bá wọn ta gìtá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ wọn ò gbà á. Títí dòní, bí wọ́n bá ń to àwọn àwo náà láti orí èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ló máa ń ti ìyẹn sí ìsàlẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, a mọ ìjà yìí lódì kejì. Ẹ wọ búkà kan l'Àkúrẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ iyán tí ẹ̀rọ gún. Àwọn àgbà máa sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe iyán, pé ti odó ni iyán. Ẹ̀rọ ló ń bà wá nínú jẹ́. Àwọn olólùfẹ́ synth-pop ńkọ́? Ẹ̀rọ ni odó tiwọn. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n bí orin náà sí, ohùn ẹ̀rọ ni wọ́n fi mọ ilé. Bí ẹnìkan bá gbé gìtá wọlé, lójú tiwọn, òun ló gbé ohun àjèjì wá.

Lọ́dọ̀ tiwa pẹ̀lú, ọmọ ọba Oǹdó kan ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá rí. Láti 1967 ni King Sunny Adé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, gìtá àti ìlù wa ló sì fi gbajúmọ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Island, ó gbé Synchro System jáde ní 1983, ó gbé Aura jáde ní 1984, síńtẹ́sáísà àti ẹ̀rọ ìlù sì wọ inú wọn. Wọ́n yan Synchro System fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Stevie Wonder fọn hàmóníkà nínú Aura. Síbẹ̀, mo rántí bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣe ń jiyàn nídìí rédíò: àwọn kan ní Sunny ti gòkè, àwọn kan ní kó gbé ẹ̀rọ àwọn òyìnbó sílẹ̀, kó padà sídìí gìtá. Lẹ́yìn Aura, òun àti Island pínyà, ó sì padà wá bá wa nílé pẹ̀lú jùjú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iyàn yẹn ti mọ ti Pet Shop Boys. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjú síra wọn nìkan ló yàtọ̀.

Wọ́n ní ó gba ipò kejì. Ṣé ó tà nìyẹn?

Ó gba ipò kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó jáde, lẹ́yìn àwo Taylor Swift. Látọdún 1993 tí àwo wọn Very ti gba ipò kìíní, kò sí èyí tó gòkè tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àwo wọn tó jẹ́ orin tuntun látòkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ gbé ìròyìn yìí sókè bí àsíá: ẹ ẹ̀ rí i pé òun ló dára jù?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àtẹ orin ọ̀sẹ̀ kan ń ka iye tí wọ́n rà lọ́sẹ̀ náà, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síí ka ti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ti àwo ní 2015, gbígbọ́ orin ní ìgbà 1,000 ni wọ́n kà sí àwo kan. Bí àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ìṣirò ìgbà náà, bí olólùfẹ́ 10,000 bá ra àwo gidi lọ́sẹ̀ kan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orin lórí fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá kí wọ́n tó bá wọn dọ́gba. Àwọn olólùfẹ́ Pet Shop Boys sì jẹ́ àgbà tó ṣì ń ra àwo gidi: wọ́n ń ra àwo dúdú ńlá tí wọ́n ń pè ní vinyl, wọ́n ń ra CD, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń rà á.

Aṣọ ẹbí ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Bí ẹbí kan ní Ìjọ̀mú bá yan aṣọ kan fún ìnáwó, gbogbo rẹ̀ lè tán ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́ méjì. Ó fi hàn pé ẹbí náà pọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Kò fi hàn pé aṣọ yẹn ni gbogbo Àkúrẹ́ ń wọ̀. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá tètè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ, kò túmọ̀ sí pé àwọn èèyàn ti kọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó fẹ́ rà á ti rà á ni.

Ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ẹbí náà ṣì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ibo ni kí ẹni tí kò gbọ́ wọn rí ti bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí mo ṣe fún ọmọ àbúrò mi ni mo lè sọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti lọ gbọ́ àwo 2024 náà láti orí dé ìdí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá bọ́tìnì fáólìnì rí, ó fi ọwọ́ òsì di ohùn mẹ́ta mú, ó wá ń yí bọ́tìnì kékeré kan lápá òsì díẹ̀díẹ̀, ohùn náà sì ń ti inú òkùnkùn yọ bọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ti ṣófo. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ọwọ́ tó ń kúrò lẹ́nu nìyí, àbí?" Mo ní òun gan-an ni.

Mo wá gbé fóònù mi fún un pé kó gbọ́ ti 1990, èyí tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi gbọ́. Ó fi sétí, ó dákẹ́, ó gbọ́ orin méjì. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ó dára o. Ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Kò kún tó ti tuntun yẹn."

Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Arákálẹ̀ lórí fóònù, mo sọ fún un. Ó ní kí n mú ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, pé ó ní èyí tó yẹ kó gbọ́, ti 1987.